Funfun Méje Lára Ògiri Gudveig

Oṣù kọkànlá ni Gudveig ránṣẹ́ pè mí.
Oòrùn Tromsø ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nígbà náà,
ó ń yọjú bí onígbèsè lẹ́yìn òkè,
kò ní kí wa tán tí yóò fi sá padà.
Mo gbé àkàbà, mo gbé bọ́rọ́ọ̀ṣì,
mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni.
Ìyàrá kan. Ògiri mẹ́rin. Ọ̀dà funfun.
Kí ló tún kù?

Àṣé funfun kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.
Méje ló ti kùn sára ògiri dè mí,
ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Àwọn tó ń ta ọ̀dà ti sọ wọ́n lórúkọ:
Ìfófó Òkun, Wàrà Ìdájí,
Ìkarahun, Òwú Ọjọ́ Ìsinmi,
Bébà Lẹ́tà, Yìnyín Àná,
àti èyí tí wọ́n kàn ń pè ní Nọ́ńbà Mẹ́rìnlá,
bí ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí orúkọ ti tán nílé.

"Wò ó dáadáa," ó na ìka.
"Èyí ní pupa rúsúrúsú tó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.
Èyí fẹ́ jọ ewé, ó ń rìn mí lára.
Èyí sì dà bí ètè ọmọdé tí òtútù mú."
Mo wò títí omi fi dà lójú mi.
Mo rí funfun. Mo rí funfun.
Mo rí funfun tó jẹ́ àbúrò funfun.
Ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ yìí, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Sindre ọmọ rẹ̀ pè láti Oslo:
"Màmá, funfun ni funfun, ẹ mú ọ̀kan."
Kò dá a lóhùn.
Ẹyin funfun, eyín funfun,
àmì kékeré ló là wọ́n láàárín,
síbẹ̀ ta ló máa gbé èkejì síná nígbà tí ebi bá ń pa á?

"A ó dúró de oòrùn," ló wí.
Ní ìlú tí oòrùn ti ń gba ìsinmi oṣù méjì!
Mo gbé àkàbà mi lọ.
Mo kun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, mo kun ilé tí wọ́n ń kó panla sí
títí aṣọ mi fi ń rùn dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Ìparí oṣù kìíní, fóònù dún:
"Máa bọ̀. Ọ̀sán gangan."
A dúró, a ò sọ̀rọ̀.
Ìtànṣán kan yọ láàárín òkè méjì,
ó gba fèrèsé wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sára ògiri,
lójú mi báyìí ni àwọn méje pínyà:
ọ̀kan di bọ́tà, ọ̀kan di omi ìfọṣọ,
bí ọmọ ìyá tó jọra nínú fọ́tò
tí ìwà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ogún.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó wọ̀.
Ojú tì mí. Mo ní, "Mo rí wọn."

"Èmi náà rí wọn."
Ó fa kọ́tínì. Ó tan fìtílà ẹ̀gbẹ́ àga Tormod,
àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
"Ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn ni mo ń bá gbé nínú ìyàrá yìí."
Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi,
ó wò ó, ó wò ó, títí kọfí mi fi tutù.
Nọ́ńbà Mẹ́rìnlá ló nawọ́ sí.

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi sún àga yẹn.
Mo ti kun ìdajì ògiri nígbà tó wọlé.
"Kì í ṣe òun nìyẹn! O ti ṣì í mú."
Mo yí agolo, mo fi nọ́ńbà hàn án.
"Ọ̀dà tútù kì í jọ ara rẹ̀, Màmá.
Ẹ jẹ́ kó gbẹ."
Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kóòtù lọ́rùn,
bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.
Ó ń wò ó.
Etí ògiri ló kọ́kọ́ gbẹ.