Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà

Oṣù kìn-ín-ní ni mo kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn Wẹ́ńdẹ̀lì,
ní Wínípẹ́ẹ̀gì, níbi tí òtútù ti ń jẹ etí bí ìjàlọ.
Mo kó ìwé dání: má jẹ èyí, má mu ìyẹn,
ṣúgà rẹ ti lọ sókè, ẹsẹ̀ rẹ ń kú lọ.
Ó ń mi orí, ó ń wo fèrèsé.
Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ akẹ́rù
mọ bí wọ́n ti ń jẹ́ kí rédíò máa sọ tirẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì mo tún gbé ohùn sókè sí i.
Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò:
mo ti mọ òwe náà sórí láti kékeré,
ọfà ni mo ṣì ń yọ.

Ìgbà kẹta, mo fi ìwé sílẹ̀ nínú mọ́tò.
Mo ní, "Kí ni ẹsẹ̀ yìí máa ń ṣe tí inú rẹ fi ń dùn?"
Kẹ́túlù hó, ó hó, kò dìde sí i.
"Èmi àti ọmọbìnrin mi jọ máa ń yọ̀ lórí odò dídì."
Mo rẹ́rìn-ín. Lédè tiwa, ẹsẹ̀ ń yọ̀,
ọkàn náà ń yọ̀.

N kò ní kó lọ sódò.
Mo ní kó gbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà,
kó wọ̀ ọ́ láràárọ̀, kó sì bọ́ ọ. Ìyẹn nìkan.
Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó wọ̀ ọ́.
Nígbà tó yá, ó dé ìdí àpótí lẹ́tà;
nígbà tó tún yá, ó dé ilé alájá funfun.

Lẹ́yìn náà ó ṣubú, kì í ṣe lórí yìnyín.
Mo rí páálí dónọ́ọ̀tì lábẹ́ àga: méjìlá, ó ku ẹyọ kan.
Ojú tì í bí ọmọ tó tọ̀ sórí ẹní.
Ahọ́n mi ti ń wá ọfà. Mo gbé e mì.
"Kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá?"
"Ọjọ́ ìbí mi ni. Kò pè mí."

A kò dárúkọ ṣúgà mọ́ lọ́jọ́ náà.
Ó wo bàtà. Èmi náà wò ó.

Oṣù kẹrin, Odò Pupa là, ó dún bí àwo tó fọ́.
Ṣúgà rẹ̀ kò tíì balẹ̀ tán,
ó ń sọ̀ bí arúgbó tó ń sọ̀ látorí àkàsọ̀.
Ó ti pe ọmọ rẹ̀, kò dúró de ìpè.
Mo dìde, mo fẹ́ máa lọ, ó ní,
"Ìwọ ńkọ́, Abọ́sẹ̀dé? Ojú rẹ pọ́n.
Ta ló ń béèrè tìrẹ?"

Mo délé. N kò tíì bọ́ kóòtù.
Mo gbé bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà.