Ohun Tó Fà Á

Nínú ìwé iṣẹ́ mi, òpó mẹ́rin ni mo fi rúlà fà:
ọjọ́, ilé ta ni, kí ló fà á, èló ni wọ́n san.
Òpó kẹta ló máa ń lá mi lóògùn.

Ilé Ìyá Fápọ̀hùndà ní Ẹ̀fọ̀n, lẹ́sẹ̀ òkè,
níbi tí kùrukùru ti ń wọ yàrá láì kan ilẹ̀kùn.
Ọmọ rẹ̀ ló fi àlámù ránṣẹ́ láti Kánádà,
ojú mẹ́ta tí kì í sùn, ẹnu kan tó ju ti àkùkọ lọ,
kí olè má baà yọ Màmá lẹ́nu.
Olè ò yọ ọ́ lẹ́nu. Àlámù ló yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìpè kìíní, alántakùn.
Ó ta òwú rẹ̀ síwájú ojú tó wà ní pálọ̀,
ó wá jókòó sáàárín. Kò ju hóró àgbàdo lọ,
ṣùgbọ́n ohun tó bá sún mọ́ni tó bẹ́ẹ̀
ọkùnrin méjì tó gbé àdá ni.
Ìgbálẹ̀ ni mo fi tún un ṣe. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà.

Ìpè kejì, bàlúùnù ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ rẹ̀,
tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń tì kiri lóru
bí àlejò tó ń wá ibi tí yóò jókòó.
Mo fi abẹ́rẹ́ gún un.
Ọmọ náà ò kí mi mọ́ títí dòní.

Ìpè kẹta, ooru iṣu.
Wọ́n ṣí ìkòkò, oruku gbé ojú ilé ìdáná,
àlámù ké kí ọmọ odó tó balẹ̀.
Wọn ò sanwó. Mo jẹ iyán.

Ìpè kẹrin ló kọ̀ tí kò lórúkọ.
Aago méjì òru, lójoojúmọ́, bí ẹni dájọ́.
Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo lé ọmọńlé.
Mo tú àlámù palẹ̀ bí adìyẹ Kérésì.
Tíṣà Ajíbéwà, tó ń gbé àdá sáré wá tẹ́lẹ̀,
ti di ẹni tó kàn ń wúkọ́ láti orí ibùsùn.
Màmá ní, "Fi í lẹ̀. Bàbá ni ń wọ ulé rẹ̀,"
ó sì ń nu àga olóògbé láràárọ̀.

Mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sùn tì í.
Tọ́ọ̀ṣì yọ. Ọmọ́tóyìnbó ni, olórí ọlọ́dẹ àdúgbò,
ó fẹ̀yìn ti géètì, ó fa rédíò rẹ̀ yọ, ó tẹ̀ ẹ́:
"Ibi gbogbo dákẹ́ rọ́rọ́. Àlàáfíà—"
"Ni" kò tí ì jáde tí ẹnu òkè fi ya.
Ọkùnrin náà fò ògiri pẹ̀lú ìbọn,
"Olè! Olè!" ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù,
ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín lórí ẹní.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo là á yé e:
ohùn ọwọ́ yín ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá,
wáyà tó gùn bí ìtàkùn wà nínú àjà, ó ń hán an.
Wáyà ò gbédè. Ariwo nìkan ló mọ̀.
Ó wo rédíò rẹ̀
bí bàbá tí wọ́n ká ẹrù oníẹrù mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.
"Ṣé èmi wá ni olè náà?"

Ní báyìí, ìdí igi ọsàn lọ́hùn-ún ló ti ń sọ àlàáfíà.
Tó bá dé géètì, á ṣẹ́ tọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, á kọjá.
Màmá ní oorun òun ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́,
kò sẹ́ni tó ń bá òun wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Àga náà ti léruku.

Mo ṣí ìwé mi. Kí ló fà á?
Mo há gègé lẹ́nu títí, mo wá kọ ọ́:
Àlàáfíà ni.
Èló ni wọ́n san? Iṣu méjì,
ọ̀kan ti fẹ́ máa hu.