Ojú-Ọjọ́ Ibòmíràn

Ọdún tí wọ́n ti kòtò èédú pa
ni ọkùnrin kan gun òpó iwájú ilé wa ní Pẹnsilféníà,
ó lu ògiri, ó fa wáyà dúdú wọlé
bí ejò tó mọ̀nà.
Bàbá ní owó oṣù rẹ̀ ti pọ̀ jù.
Ó sì fà àga sún mọ́ ọn.

Ìkànnì mẹ́rìndínlógójì!
Àwa ọmọ ń jà sí bọ́tìnnì.
Ìyá àgbà Bronia kò bá wa jà.
Bí ilé bá sùn tán,
a yí i síbi tí wọ́n ti ń ka ojú-ọjọ́ tọ̀sán tòru.
Arisónà ló ń dúró dè,
níbi tí Kazik ọmọ rẹ̀ bá iṣẹ́ lọ,
tí kò kọ lẹ́tà mọ́.

Mo bá a níbẹ̀ lóru kan, yìnyín ń bọ́ lóde,
ọwọ́ rẹ̀ lórí gíláàsì.
"Oòrùn ń pa á," ó ní.
"Kó sáà dé fìlà."