Ọ̀rọ̀ Kan ní Burslem

Ọjọ́ kìíní tí mo dé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì pè mí ní pẹ́pẹ́yẹ.
Dọ́ọ̀kì, ló wí, ó na tíkẹ́ẹ̀tì sí mi.
Mo wo bàtà mi tí òjò ti rin gbingbin.
Ṣé ìrìn mi ló rí bẹ́ẹ̀? Àbí ètè mi ni?
Mo jókòó lẹ́yìn, mo gbé ìbínú mì,
títí mo fi gbọ́ tó pe ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀,
tó pe ìyá arúgbó bẹ́ẹ̀,
gbogbo wa wá di ọ̀wọ́ pẹ́pẹ́yẹ kan,
à ń gun òkè lọ sí Burslem.

Ẹ́dínà Tunnicliffe, ìyá tí mò ń tọ́jú,
fi ogójì ọdún kun òdòdó sára àwo.
Àtẹ́rígbà ilé rẹ̀ kò ga tó mi.
Ó kígbe láti orí àga: Dọ́ọ̀kì!
Mo dáhùn pé, Ẹ káàárọ̀ o, mà.
Gbà! Igi lu iwájú orí mi.
Ó ní, Mo ṣáà ti sọ fún ọ: dọ́ọ̀kì, dọ́ọ̀kì.
Ọ̀kan ni bẹ̀rẹ̀, ìkejì ni ọmọ mi.
Nílé wa, pẹ́pẹ́yẹ a máa tẹrí ba kó tó wọlé,
bí ẹnu ọ̀nà tilẹ̀ ga tó ti ṣọ́ọ̀ṣì.
Àṣé ẹyẹ náà ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ ọmọ rẹ̀ ti pápá kíríkẹ́ẹ̀tì dé,
ojú rẹ̀ fà ro. Dọ́ọ̀kì ni mo gbà, ló wí.
Mo ní, Gbé e wá, ká sè é.
Kò rẹ́rìn-ín. Òdo ni.
Ẹyin lásán, kò sí ẹyẹ nínú rẹ̀.

Àwọn tó ni orúkọ náà gan-an wà lójú omi
lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tì pa.
Orí akọ wọn ń dán bí ìgò.
Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n.

Nígbà tó di oṣù Èrèlè, orúkọ ń já bọ́
lọ́wọ́ Ẹ́dínà bí àwo. Ti ọmọ ọmọ lọ.
Ti ọkọ tó ti kú lọ.
Mákanjúọlá kò tilẹ̀ dé ẹnu rẹ̀ rí,
báàjì àyà mi nìkan ló mọ̀ ọ́n kà.
Ṣùgbọ́n dọ́ọ̀kì kò fọ́.
Ó fi ń bèèrè omi. Ó fi ń bú mi bí tíì bá tutù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú,
ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ.
Mi ò mọ èyí tó jẹ́:
bóyá ọmọ mi, bóyá òdo,
bóyá ó rí igi kan níwájú tí èmi ò rí.
Mo sáà bẹ̀rẹ̀.