Ọfà Kan, Tàbí Kò Sí

Tíṣà Fọlárànmí fi ṣọ́ọ̀kì ya igbá méjì sójú pátákó
ní kíláàsì wa ní Yemẹtù, lọ́jọ́ tí òjò ń lu páànù.
"Igbá òsì, ilé ló wà níbẹ̀. Igbá ọ̀tún, nọ́ńbà mítà iná.
Ẹ ta ọfà láti ilé sí nọ́ńbà bó ṣe wù yín:
ìbátan nìyẹn, ìbátan kò lófin.
Ṣùgbọ́n lónìí, ilé tó bá ta ọfà méjì,
n ó pa ọ̀kan rẹ́, n ó sì fa ẹni tó yà á létí.
Bí ilé méjì bá forí lé nọ́ńbà kan, kò burú,
ọmọ ìyá méjì a máa sùn lórí ẹní kan."

Ilé tí kò ta ọfà rárá ńkọ́?
Mo nawọ́, mo ní àṣìṣe ni.
"Rárá, Ọláìyá. Aláàbọ̀ là ń pè é:
ó fèsì níbi tó mọ̀, ó dákẹ́ níbi tí kò mọ̀.
Kíkún pàápàá, aláàbọ̀ ni,
aláàbọ̀ tí kò fi ilé kankan sílẹ̀."

Ogún ọdún rèé. Báàgì bíìlì iná ló wà lọ́rùn mi,
mo ń sọ̀kalẹ̀ láti Mápó lọ sí Òjé,
èmi àtewúrẹ́ ń du ọ̀nà tóóró.
Yàrá mẹ́fà nílé Rábíátù ń mu nínú mítà kan.
Ilé Ìyá Kúdírá kò ní nǹkan kan,
àfi wáyà tó já, àti fìtílà.

Ọ̀gá wa ní Dùgbẹ̀ ní àlàfo kò gbọdọ̀ sí:
"Ilé tí kò ní nọ́ńbà, ẹ fojú díwọ̀n, ẹ kọ ọ́."
Ìwé kún.
Ó kún bí àmù tí wọ́n bu iyanrìn sí.
Sùnmọ́nù ní ká kúkú pa orúkọ màmá rẹ́:
bí igbá òsì bá dín, aláàbọ̀ di kíkún, kò ná wa ní kọ́bọ̀.
Òótọ́ ni. Tíṣà kọ́ wa bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Mo kọ orúkọ rẹ̀. Mi ò ta ọfà.
Ó bi mí pé èló ni gbèsè òun.
Mo ní n kò mọ̀.
Ó wò mí títí, ó ní kí n wá mu omi.