Àlàfo Eyín Ujarak

Oṣù Kejìlá ni, ní ìlú Upernavik.
Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí oòrùn ti wọ̀, kò tíì padà.
Pipaluk ya Ujarak, àbúrò ìyá rẹ̀,
níbi tó ti ń tú okùn lọ́rùn àwọn ajá.
Ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà: ojú Ujarak hàn kedere,
yìnyín ń dán nínú irùngbọ̀n,
kódà àlàfo eyín tó ká kò pamọ́.
Inú rẹ̀ dùn délé.

Àmọ́ lórí kọ̀ǹpútà,
òkùnkùn. Òkùnkùn, àti ajá kan ààbọ̀.
Ujarak ti di òjìji tó dé fìlà.

Ta ló purọ́ nínú ẹ̀rọ méjèèjì?
Àbí ojú òun fúnra rẹ̀ ni?
Lóru níta, iná ìṣáná a máa dà bí oòrùn;
gbé e wọ yàrá tí gílóòbù ti ń tàn,
ìṣáná náà ni.
Ebi ìmọ́lẹ̀ ló ń pa ojú nígbà yẹn,
òkèlè kan ṣoṣo, ó ti yó.

Ó fa ìmọ́lẹ̀ àwòrán sókè:
ojú yọ, ṣùgbọ́n ó kún fún iyanrìn,
bí ohun tí wọ́n hú nílẹ̀.
Ó dá a padà.

Ó dìde, ó pa iná yàrá.
Ó jókòó, kò ṣe nǹkan kan.
Kọfí rẹ̀ tutù.
Fìlà ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà irùngbọ̀n;
ajá kejì rí ìdí rẹ̀ padà.
Ó pẹ́ kí àlàfo eyín náà tó dé.