Àbẹ́là Kẹwàá

Lóṣù Díṣẹ́ńbà, tí ooru Bùẹ́nọ́sì Áírẹ̀sì
bá mú kí ọ̀dà ojú títì rọ̀ bí òrí,
ìyá àgbà Latífè a ti fèrèsé,
a pa fáànù,
torí iná kékeré kò fẹ́ atẹ́gùn.
Alẹ́ kẹjọ nìyẹn. A jókòó, à ń làágùn,
èmi pẹ̀lú ìbéèrè, òun pẹ̀lú ìṣáná.

"Ìyá àgbà, ṣé Kérésì àwa Júù nìyí?"
"Rárá o. Kérésì ní ilé tirẹ̀ lódìkejì títì,
lọ́dọ̀ Sẹnyọ́ra Bẹrtolúsì.
Bá a yọ̀, má sọ ọ́ di tiwa."

"Báwo la ṣe ń kọ Hánúkà sílẹ̀?
Bí tíṣà ṣe kọ ọ́ kọ́ ni Àǹtí Bahíyè ṣe kọ ọ́."
"Inú ọ̀nà ọ̀fun ni lẹ́tà àkọ́kọ́ ń gbé.
Kò tíì sẹ́ni tó rí i mú."

"Kí ló dé tí ọjọ́ rẹ̀ kì í dúró lójú kan?"
"Òṣùpá là ń tẹ̀ lé.
Kàlẹ́ńdà ara ògiri ló ń sáré kiri,
àwa ò kúrò níbi tí a wà."

"Èé ṣe tó fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ?"
Ó ṣá ìṣáná.
"Wọ́n gba Tẹ́ńpìlì padà lọ́wọ́ ọba tó sọ ọ́ di aláìmọ́.
Wọ́n wá òróró mímọ́ títí,
kólòbó kan ṣoṣo ni wọ́n rí, òróró òòjọ́.
Ó jó di ọjọ́ kẹjọ."
"Ṣé òótọ́ ni?"
"Jẹ́ n tan èyí ná, iná ti dé ọmọ ìka mi."

Ọwọ́ ọ̀tún ló ti tò wọ́n, ọwọ́ òsì ló ti ń tàn wọ́n:
tuntun ló ń kọ́kọ́ gba iná.

"Ṣé mo lè fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá?"
"Ìmọ́lẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣiṣẹ́, a kàn ń wò wọ́n ni.
Àbẹ́là ìránṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́."
"Ìránṣẹ́ kan ni wọ́n ní nílé Yanína.
Kí ló dé tí tiwa fi jẹ́ méjì?"

Ó jókòó.
"Nígbà tí wọ́n lé àwọn baba wa kúrò ní Sípéènì,
Àlẹ́pò ṣílẹ̀kùn fún wọn.
Wọ́n fi ọ̀kan kún un, ti ọpẹ́.
Nígbà tí àwa náà fi Àlẹ́pò sílẹ̀,
àpótí méjì la gbé, àti àṣà yìí."
"Ọpẹ́ Àlẹ́pò ni síbẹ̀, àbí ti ibí?"
Ó wo fèrèsé tí a tì.
"Èyí tó bá kọ́kọ́ jó tán ni ti Àlẹ́pò."

Ooru ti tẹ àbẹ́là kẹwàá
bí ẹni tó ń tẹ́tí sọ́rọ̀ olọ́rọ̀.
Mo ní, "Ta ló fi kólòbó yẹn pamọ́?"
"Èwo?"
"Èyí tí wọ́n rí. Ẹnì kan ló dì í,
tó gbé e sí kọ̀rọ̀ kó tó sá lọ.
Ṣé ó mọ̀ pé wọ́n á wá a?"

Ìyá àgbà wò mí, ó wò mí.
"Lọ gbé ìyẹ̀fun dídín wá," ló wí.
"Ó ti ń tutù."

Nínú ooru yẹn,
kí ló lè tutù?